Ewé gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ọnà: Àgbéyẹ̀wò Oúnjẹ Pípọ́n ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ọnà Yorùbá, igi gbígbẹ́, aṣọ híhun, àdìrẹ àti ilẹ̀kẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Wọn kì í ka ewé tí àwọn obìnrin fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kún un. Àbùkù ni èyí, nítorí pé ọnà tí ó so ẹni tí ń jẹun pọ̀ mọ́ ohun tí ó ń jẹ ni ewé náà.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Alásè yóò ká ewé eéran bí àrọ, yóò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà jò, yóò bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, yóò sì pa á lẹ́nu dé. Ẹni tí ó rí i ti mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín ni kí ó tó tú u. Ó lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dì. Bí ó bá tú u, òórùn ewé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ipa iṣan ewé yóò sì hàn lára oúnjẹ náà. Yorùbá ní ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ yóò di ọṣẹ. Níhìn-ín, oúnjẹ gan-an ni ó ń gba ìwà ewé. Ewé kì í ṣe àrokò, nítorí pé kò sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Síbẹ̀, ó ń sọ irú oúnjẹ, ìwọ̀n rẹ̀ àti igbó tí ewé ti wá.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ibẹ̀ títí dé Okokomaiko, lẹ́bàá títì Àgbádárìgì. Oúnjẹ àrà-gbé-lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Abọ́ fóòmù kan náà ni wọ́n ń bu ìrẹsì, iṣu àti ẹ̀wà sí. Abọ́ náà kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fòfin de abọ́ fóòmù, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí abọ́ ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ni ó wò. Bí páálí tàbí ike mìíràn bá rọ́pò fóòmù, gọ́tà lè mọ́, kí oúnjẹ sì yadi síbẹ̀.

Àwọn ilé oúnjẹ kan a máa tẹ́ ewé sórí àwo kí wọ́n tó bu ìrẹsì ọ̀fadà lé e. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni èyí bí ewé kò bá fi òórùn tàbí adùn kún oúnjẹ. Lóòótọ́, ewé máa ń ya, ọbẹ̀ a máa jò nínú rẹ̀, pípọ́n rẹ̀ sì gba àkókò. Kò lè gba gbogbo oúnjẹ. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn padà sí ewé. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí ó bá ń ṣe abọ́ tuntun fi ewé ṣe òṣùwọ̀n: ǹjẹ́ ojú, ọwọ́ àti imú lè mọ oúnjẹ kí ó tó kan ẹnu?