"A Kì Í Dá Owó Padà": Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Tíkẹ́ẹ̀tì

Eré kan ni mo ní lọ́kàn láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nínú orí yìí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti wọ mọ́tò lọ sí Èkó, mo sì ti jókòó nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ lórí itan mi. Síbẹ̀, n kò rí nǹkan gidi kan kọ nípa eré náà. Ohun tí ó gba ọkàn mi ni gbólóhùn méjì: ọ̀kan wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, èkejì wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Àwọn ni n ó yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún sí eré orí-ìtàgé Yorùbá kan tí wọn yóò ṣe ní oṣù kejìlá. ₦4,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì fún èmi àti ìyàwó mi, mẹ́ta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré yìí gan-an. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé kìkì ẹni tí ó bá ní káàdì tí ó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà lẹ́ẹ̀mejì ni yóò wọlé. Ọmọbìnrin yìí ti gba ẹ̀ẹ̀kan. Oṣù kìíní ọdún tí ó ń bọ̀ ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ fún èkejì. Kì í ṣe pé ó kọ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń ṣàfojúdi. Ọjọ́ ni kò pé.

N kò bá òfin abẹ́rẹ́ jà. Mo ti gba tèmi, mo sì mọ àwọn ojúgbà mi tí àrùn náà mú lọ. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wáyé níbi púpọ̀ lọ́dún náà: ní oṣù keje ni àwọn onítíátà Broadway ní New York kéde pé ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kò ní í wọlé; nílé níbí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó kéde ní oṣù kẹjọ pé láti oṣù kẹsàn-án, wọn yóò máa béèrè káàdì kí ènìyàn tó wọ ibi ìpéjọpọ̀. Olùṣètò eré ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo àwọn ènìyàn tí ó pè jọ. Owó ẹni tí òfin tuntun náà tì síta ni mo ń béèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò yájú sí wa rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin àti Màmá ẹ wọlé. Àǹtí yìí nìkan ni kò lè wọlé." Mo bi í bóyá wọn yóò dá owó rẹ̀ padà. Ó yí tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "A kì í dá owó padà."

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn náà bí a ti í wo ìlà ewì. "A kì í" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú èdè wa. Òun ni àwọn àgbà fi ń gbé èèwọ̀ kalẹ̀, òun náà ni ó ṣíwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwe: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá gbọ́ "a kì í" kò ní í béèrè ìgbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ṣe é. Yóò rò pé bí ayé ti rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ nìyẹn. Olùṣètò wá gbé ohùn àwọn baba ńlá wọ òfin tí òun fúnra rẹ̀ jókòó ṣe ní ọ́fíìsì. Ta sì ni "a" náà? Bí ó bá kọ ọ́ pé "N kò ní í dá owó yín padà," a ó mọ ẹni tí a ó bá wí. Nínú "a", olùtà sá pamọ́ sáàárín gbogbo wa, àfi bí ẹni pé èmi tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tí kì í dá owó padà.

Gbólóhùn kejì, ti inú àtẹ̀jíṣẹ́, tún burú jù ú lọ: "Àyípadà ti dé bá ìlànà ìwọlé." Níbí, àyípadà ni olùwà. Òun ni ó dé, bí òjò, bí eṣú, bí àlejò òru. Kò sí ẹni tí ó yí ohunkóhun padà. Bí a bá dá olùwà gidi padà sí ipò rẹ̀, tí a sì to gbólóhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó rí i báyìí: a ti yí ìlànà padà, a kì í dá owó padà. Ohun gbogbo ni ó lè padà lọ́wọ́ wọn àfi owó.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì yìí ní ibi tí ó ti tọ́. Ẹni tí oorun gbé lọ lọ́jọ́ eré, tàbí tí ó rí òde àríyá mìíràn tí ẹran pọ̀ níbẹ̀ jù, òun ni ó yẹ àdéhùn. Kí ó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n níbi tí olùtà ti yẹ àdéhùn, idà tí wọ́n pọn fún olùrà tí ó yí ọkàn padà ni wọ́n fi gé olùrà tí kò yí ọkàn padà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Nígbà tí àwọn alárìnjó ń ṣeré ní àgbàlá ọba àti ní ìta gbangba, eré ni ó ń ṣáájú owó. Bí eégún ẹni bá jóòóre, orí a yá atọ́kùn, àwọn òǹwòran a sì náwó. Bí eré kò bá dùn, wọn a ká ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀. Òṣèré ni ó ń gbé ewu rù. Nígbà tí eré wọ gbọ̀ngàn, irú Glover Memorial Hall ní Èkó níbi tí Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1944, owó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú eré, ewu sì ṣí láti orí òṣèré sí orí òǹwòran. N kò rí i kí àwọn onímọ̀ tíátà wa kọbi ara sí èyí tó bí ó ti yẹ. Àsansílẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá san àsansílẹ̀ fún aránṣọ, ó jẹ mí ní aṣọ tàbí kí ó jẹ mí ní owó. Kò sí ìkẹta. Láti ọjọ́ tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni olùṣètò ti jẹ mí ní gbèsè, ajigbèsè ni ó sì wá ń sọ ẹni tí ó lè wọlé gba nǹkan rẹ̀.

Àwọn olùṣètò yóò ní kí n má fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, wọ́n ti ra dísù, òṣèré sì ti gba àsansílẹ̀ tirẹ̀. Mo mọ̀, ìfẹ́ ni ènìyàn fi ń gbé eré Yorùbá jáde lóde òní. Mo sì mọ̀ pé ìjọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣèré àti òǹwòran papọ̀. Ní ọdún 1964, nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé, òfin náà kò sì kúrò lọ́rùn wọn títí di ọdún 1966. Níbi tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, n kò ní í pe olùṣètò ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àìlẹ́ṣẹ̀ kò sọ owó olówó di tiwọn. Lójú wa báyìí ni wọ́n sì ta ìjókòó ọmọ yìí fún ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà. Ìjókòó kan, owó méjì.

Òfin wà. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 kò fi àyè gba àdéhùn tí ó ni oníbàárà lára láìtọ́; ó sì ní kí wọ́n fi èdè tí ó yé ènìyàn bá a sọ̀rọ̀. Èdè ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì wa yéni, n kò lè purọ́. Òdodo ni kò sí níbẹ̀.

Mo gbọdọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Ìyàwó mi ní òun kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ níta, ó sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí eré fi parí. Èmi wọlé ní tèmi. Mo sọ fún ara mi pé lámèyítọ́ ni mo wá ṣe. Nígbà tí a jáde, ọmọ náà bi mí pé, "Sà, báwo ni wọ́n ṣe lo ìlù níbẹ̀rẹ̀?" N kò rántí.

Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn olùṣètò, wọn kò fèsì. Mo dá ₦4,000 náà padà fún un láti àpò mi, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní èmi kọ́ ni mo jẹ òun. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ń múra eré tiwọn, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá fún mi kí n bá wọn yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò. "A kì í dá owó padà" ni ó wà lẹ́yìn. Àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Mo fa igi lé e lórí, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bí àwa olùṣètò bá yí ìlànà ìwọlé padà lẹ́yìn tí ẹ ti san owó, ẹ gba owó yín níbi tí ẹ ti san án." Wọ́n ní ó gùn jù, ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì kò ní í gbà á. Mo ní kí wọ́n yọ àwòrán gángan tí ó wà níbẹ̀ kúrò.