Iṣẹ́ tí Ewì Ọdúnjọ Kò Dárúkọ

Nínú àwọn ewì tí J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò sí èyí tí ó gbilẹ̀ tó "Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́". Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ti kọ́ ọ sórí.

Ewì náà ṣe ohun tí akéwì fẹ́: ó bá ọ̀lẹ wí, ó sì kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe gbójú lé ogún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ dúró lé. Akéwì fi apá ẹni ṣe ìbátan ẹni. Bàbá àti ìyá kò sì fara hàn bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rọ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Apá ta ni ó tọ́jú ọmọ náà kí tirẹ̀ tó lágbára? Ewì kò sọ ọ́.

Àṣà oko sọ ọ́ dé ìwọ̀n kan. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àárò, tí wọ́n ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń san iṣẹ́ padà lọ́jọ́ fún ọjọ́. Síbẹ̀, ebè tí a kọ ni a ń kà. A kì í ka omi tí obìnrin pọn, iná tí ó dá, tàbí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń kórè.

Ní 1982, Olóyè Bísí Ògúnlẹ́yẹ dá COWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko, sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀, ìṣẹ́ kò fi wọ́n sílẹ̀. Ìparapọ̀ ni wọ́n fi kún iṣẹ́.

Ní Ìsọlọ̀, ìlú Àwórì, ilé ti gba ilẹ̀ oko. Àjọ ni ó kù fún àwọn obìnrin ọjà, pẹ̀lú aládùúgbò ìsọ̀ tí í bá ni mójú tó ọmọ. Bí a bá sì bi ọmọ ilé-ìwé léèrè iṣẹ́ ìyá tí kò ní ìsọ̀, ó lè dáhùn pé kò níṣẹ́ kankan. Àṣìṣe yìí ni ewì náà kò lè tọ́ sọ́nà fún un.

Kí olùkọ́ máa kọ́ni ní ewì náà lọ, nítorí ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó bi àwọn ọmọ pé ta ni ó se oúnjẹ tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó wá kà á.