Orúkọ Ta Ni Rélùwéè Ń Jẹ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo gbéra ní Kémta, mo lọ wo Jaekel House ní Èbúté-Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sínú ọgbà rélùwéè. Ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe, tó fi di mùsíọ́mù. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ká ní kò sí wọn ni, bóyá àwókù là bá máa wò.

Àmọ́ àríwísí niṣẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá rélùwéè, ni ilé náà ń jẹ́. Kò burú, ó kọ ìwé lórí ìtàn rélùwéè Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nínú irú ilé báyìí, níbikíbi láyé, ohun ìní ọ̀gá ló máa ń pẹ́: àga ọ̀gá, fọ́tò ọ̀gá. Aṣọ iṣẹ́ ẹni tó ru irin ńkọ́? Ó ti gbó, wọ́n ti fi nulẹ̀.

Lọ́dún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Michael Imoudu ni gbajúmọ̀ aṣáájú wọn. Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré nínú Strike and Hunger. Ṣé ẹ rí i? Ebi ò ṣeé kó sínú gíláàsì, àmọ́ ẹnu lè tọ́jú rẹ̀.

Ilé tiwa wá ńkọ́? Ẹ̀gbá ṣì ń ṣèjọba ara wọn nígbà tí ojú irin gba Abẹ́òkúta kọjá, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ibùdókọ̀ tuntun ti Ládérin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ. Ọmọ wa ni, inú mi dùn. Síbẹ̀, ẹni ńlá náà la tún fi sọ ọ́.

Èmi ò ní ká yọ orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ mú fóònù yín, kí ẹ lọ bá àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ rélùwéè àti àwọn ìyá tó tajà létí ojú irin ní Láfẹ́nwá. Ẹ bi wọ́n: èló ni wọ́n ń san? Ta lẹ jọ ṣiṣẹ́? Kí lẹ máa ń jẹ? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Irin kì í tètè jẹrà. Ẹnu àgbà ló ń pa dé. Bí ibùdókọ̀ àtijọ́ Láfẹ́nwá bá di mùsíọ́mù lọ́la, a ó ti ní ohun tó ju àga lọ tí a ó kó síbẹ̀.