Ẹja Orí Owó, Ẹja Inú Omi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu apẹja ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀? Ṣebí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ló máa ń tóbi jù!"

Iṣẹ́ tí Ruth Leeney àti Philippe Poncelet gbé jáde ní 2015 lórí ẹja aláyùn ní Guinea-Bissau ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ìbátan ẹja ekurá ni ẹja yìí. Ẹnu rẹ̀ gùn gbọọrọ, eyín sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí ayùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná séfà ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ yẹ owó yín wò dáadáa: ẹja yìí ni àmì báńkì àgbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó wà lórí owó, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi.

Ẹja tó ṣọ̀wọ́n báyìí, ọkọ̀ ìwádìí lè wá a títí kó má kàn án. Àwọn apẹja ni àwọn òǹkọ̀wé yìí lọ bá, ọgbọ́n gidi sì ni. Ayùn ẹja náà máa ń há sínú àwọ̀n, á sì fà á ya. Èèyàn lè gbàgbé iye ẹja tó pa lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ta ló máa gbàgbé ẹja tó ba àwọ̀n ẹ̀ jẹ́? Kì í ṣe gbogbo nǹkan la lè bi ìrántí, àmọ́ a lè bi í ní èyí.

Ohun tó tún wù mí ni pé wọ́n wádìí àṣà pẹ̀lú. Ní erékùṣù àwọn Bijagó, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń dé orí ẹja yìí jó. Ẹja tí a ń jó ijó rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lásán.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ bá irú ìwádìí yìí lápapọ̀. Níbi tí òfin bá ti de ẹja kan, "mi ò rí i" lè jẹ́ "mi ò ní sọ". Èkejì, Daniel Pauly ti kìlọ̀ ní 1995 pé òkun tí ìran kọ̀ọ̀kan bá láyé ló máa ń rò pé ó pé. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ àgbà àti ọ̀rọ̀ ọmọdé pọ̀ kẹ́ ẹ wá pín in sí méjì. Ìyàtọ̀ àárín wọn gan-an ni ẹ̀rí! Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i. Ní tibí, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọdé: ẹja náà ti lọ kó tó gbé àwọ̀n.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a máa ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ apẹja, àṣẹ "ẹ má pa á mọ́" nìkan ló sì máa ń padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà tó fojú rí ẹja yìí ń kú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì lágbára, ẹ tètè lọ bá wọn. Ẹ mú àwòrán dání, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà lọ jíṣẹ́ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn.