Ta ni "Wọ́n"? Àgbéyẹ̀wò Ìwé UNESCO fún Kíkọ́ni ní Iṣẹ́ Ìròyìn Orí Ayélujára

Ní ọdún 2018, àjọ UNESCO tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì. Journalism, 'Fake News' & Disinformation ni àkọlé rẹ̀; Cherilyn Ireton àti Julie Posetti ni olóòtú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, ó sì ti dé inú èdè púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ara wọn ju bí ó ti hàn lọ. Ọ̀dọ́ tí yóò kọ ìròyìn Yorùbá sórí ayélujára nílò ẹ̀kọ́, ìwé UNESCO yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí olùkọ́ lè tètè nawọ́ mú. Ǹjẹ́ ó tó irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀? Ó tó dé ààyè kan. Inú èdè gan-an ni ibi tí kò tó sí wà, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé náà kò fi bẹ́ẹ̀ wò.

Orí méje ni ìwé náà ní. Ireton kọ àkọ́kọ́ lórí òtítọ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Claire Wardle àti Hossein Derakhshan kọ ìkejì lórí oríṣi ọ̀rọ̀ tí ń da ìlú rú. Alexios Mantzarlis kọ ìkarùn-ún lórí bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá òótọ́ ni. Tom Trewinnard àti Fergus Bell kọ ìkẹfà lórí bí a ṣe ń wá orísun ọ̀rọ̀ àti àwòrán rí. Àwọn yòókù dá lórí òwò ìròyìn tí ń yí padà, lórí bí ará ìlú ṣe lè kọ́ láti fi ọgbọ́n gba ìròyìn, àti lórí ìkọlù tí àwọn akọ̀ròyìn ń rí lórí ayélujára. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí tó ohun tí a ń fi odidi àgbéyẹ̀wò mìíràn sọ.

Àwọn olóòtú náà kò fẹ́ràn gbólóhùn "fake news" tí ó wà nínú àkọlé wọn, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Lójú tiwọn, ìròyìn ni ọ̀rọ̀ tí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì ṣe ará ìlú láǹfààní. Ohun tí kò bá dé ojú ìwọ̀n yẹn kò yẹ ní ẹni à ń fi orúkọ náà pè. Àlàyé náà dúró dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá gbé e wá sí Yorùbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́. Ìròyìn tí Yorùbá mọ̀ kò dúró de ẹ̀rí kí ó tó jẹ́ ìròyìn. Ohun tí ẹnìkan rò fún ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ìròyìn kò tó àfojúbà, tí "ìròyìn òfegè" tí àwọn oníròyìn òde òní ń wí kò sì fi ta ko ara rẹ̀ rárá. Èyí kì í ṣe àbùkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré ti gbé ìfura wọ kíláàsì kí olùkọ́ tó ṣí ìwé, àdánù ni yóò sì jẹ́ bí olùkọ́ bá gba ìfura náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ó lè gba ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Irú nǹkan báyìí ló tún ṣẹlẹ̀ sí orí kejì, tí ó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé náà. Wardle àti Derakhshan pín ọ̀rọ̀ burúkú sí mẹ́ta: irọ́ tí ẹni tí ó ń pín in kò mọ̀ pé irọ́ ni, irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti ṣe ènìyàn ní jàǹbá, àti òótọ́ tí a gbé jáde kí ó lè ba ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ̀ka kẹta yìí ni orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì jù ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: òfófó ni. Olófòófó lè má pa irọ́ kankan; ohun tí ó rí ní yàrá ẹlòmíràn ni ó gbé lọ sí ìta. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé òótọ́ nìkan kò dá ẹnu láre. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ orí yìí pẹ̀lú àhesọ, èké àti òfófó yóò fi ìdajì wákàtí ṣe ohun tí ìlànà ìwé náà yóò fi wákàtí méjì ṣe.

Òwe sì wà lórí rẹ̀ pé òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni í mọ. Ohun tí olófòófó máa ń rí gbà kò ju "o ṣeun" lọ. Ayélujára ti sọ òwe yìí di ìbéèrè. Òfófó ń gba ẹgbàá báyìí: bí ènìyàn bá ti ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ìpolówó ọjà ń wọlé fún ẹni tí ó gbé e síta. Orí kẹta kan ọ̀rọ̀ owó yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńláńlá ni ó fi ń wò ó, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń pàdánù owó ni ó ṣe pàtàkì jù. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò láti mọ bí owó ṣe ń wọlé fún ẹni tí ń dá jókòó sí yàrá rẹ̀ tí ó ń tú àṣírí ọlọ́ṣọ̀ọ́ ká.

Wardle àti Derakhshan tún to oríṣi méje kalẹ̀, ẹ̀fẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn fúnra wọn gbà pé èyí lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ẹ̀fẹ̀ gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń fi òru sọ ìwà oníwà burúkú lójú gbogbo ìlú, ìyanu náà yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi ibi tí ìwé náà lágbára sí àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn Ẹ̀bólà ti Làìbéríà wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba Nàìjíríà kan pé kí ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn án. Àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè orí fóònù ni ó gbé e kiri, àwọn ẹlòmíràn sì gba ìpè náà lóru. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, àjọ ìlera àgbáyé WHO kìlọ̀ nípa irú oògùn àhesọ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ka sí ìròyìn pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn tí ó mu omi iyọ̀ kò ní ogún ọdún láti fi dúró.

Ìlànà orí kejì wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí: ó ní kí a wo ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, àti ẹni tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ rìn ni ìfẹ́ ìyá sí ọmọ àti ojúṣe àbúrò sí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a bá sì dé orí kẹfà láti wá irinṣẹ́ tí a ó fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ojú ni a rí, a kò rí etí. Orí náà kọ́ni dáadáa ní bí a ṣe ń mọ̀ bóyá àwòrán ti wà lórí ayélujára tẹ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń fi ilé, òkè tàbí ọ̀nà inú fídíò mọ ibi tí wọ́n ti yà á. Ohùn kò ní òkè, kò sì ní ilé. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni irọ́ Yorùbá fi ń rin ìrìnàjò láti Ìbàdàn dé London àti Houston, kò sì sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi tí ó lè wo inú ẹgbẹ́ ìdílé tí ó ń gbà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, WhatsApp fi òté lé e pé ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sí ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dín eré rẹ̀ kù. Kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Etí ni ó kù. Ǹjẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sọ pé òun rí i, àbí ó ní wọ́n ní? Ǹjẹ́ ó dárúkọ ọjọ́, ọjà, òpópónà? Ẹ̀ka èdè wo ni ó ń sọ? Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ o, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú lè ti gbé Ìbàdàn fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé ẹnìkan "was arrested", kí ó sì fi ẹni tí ó mú un pamọ́. Yorùbá yóò sọ pé "wọ́n mú un". Wọ́n yìí lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ ọmọ ìta, ó lè jẹ́ ará àdúgbò tí inú ń bí. Wọ́n kan náà ni a fi ń gbé àhesọ: "wọ́n ní". Òun náà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó: "Wọ́n ní wọ́n ti mú wọn." Ta ni ó ní? Ta ni ó mú? Ṣé ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n mú, àbí bàbá àgbàlagbà kan? Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sí òkè òkun, tí ó ti kọ́ pé "wọ́n" túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, lè kọ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì jáde láti inú gbólóhùn yìí pé àwọn ènìyàn púpọ̀ ni ó wà ní àtìmọ́lé. Kò purọ́. Kò kàn béèrè ni.

Àmì ohùn náà jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀rí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìròyìn bá kọ ọ́ láìsí àmì pé ọlọ́pàá gba "oko" obìnrin kan, òǹkàwé kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ó ń dá ni, ọkọ̀ tí ó ń wà ni, tàbí ọkọ tí ó fẹ́ ẹ. Ìṣòro mìíràn wà tí ojú kò lè rí. Nínú ètò Unicode, é ní àmì tirẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ́ kò ní, àfi kí a fi àmì ohùn lé ẹ lórí. Ẹ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àmì kan, ó sì lè jẹ́ e pẹ̀lú àmì tí a fi sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì lè dọ́gba lójú ènìyàn kí wọ́n má dọ́gba lójú kọ̀ǹpútà, ìròyìn tí ó wà nílẹ̀ yóò sì ṣe bí ẹni pé kò sí. Mantzarlis ní lẹ́yìn tí a bá ti yan ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé yẹ̀ wò, kí a wá ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́ láti wá a lẹ́ẹ̀mẹta: pẹ̀lú gbogbo àmì, láìsí àmì rárá, àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìpele tí Mantzarlis fi parí ni títún ọ̀rọ̀ ṣe ní gbangba. Ó ń rò ó bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni òǹkọ̀wé àti òǹkàwé. Nínú ẹgbẹ́ ìdílé lórí WhatsApp, ẹni tí ó pín irọ́ lè jẹ́ bàbá, ẹni tí ó mọ òótọ́ sì lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tí ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Àkọlé tí ó pariwo pé "Irọ́ ni!" yóò dùn mọ́ ọ̀dọ́, bàbá yóò kà á sí èébú, kò sì ní ṣí i. Àtúnṣe tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí irọ́ náà gbà wá: ohùn, ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ̀bi má sì sí lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ ronú kàn wá. Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín ni kò wádìí rẹ̀ dáadáa. Àwọn dókítà ní kì í wo Ẹ̀bólà, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa sọ fún ìyá Ìlọrin náà kí wọ́n má mu ún."