Oṣó kẹ̀?
Ọmọ-ọmọ mi bi mí nílé wa ní Ketu pé, "Bàbá àgbà, kí là ń pe wizard ní Yorùbá?" Mo ní oṣó. Ojú rẹ̀ fà ro: oṣó kẹ̀, àwọn apanijẹ inú fíìmù?

Akata Witch (2011) tí Nnedi Okorafor kọ ló ń kà. Àfín ni Sunny, ọmọ ọdún 12 ní Aba. Bó bá ti kọ́ ohun tuntun nínú idán, owó irin a já bọ́ láti òkè. Ẹ ò rí ọgbọ́n! Ìjà ìparí nìkan ló yára jù fún mi.

Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ fún wa níbí ní orúkọ mìíràn, What Sunny Saw in the Flames. Mi ò bá wọn jà. Ní Akwa Ibom, òfin ni wọ́n ṣe ní 2008 kí wọ́n tó lè ní kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọdé ní àjẹ́.

Bí a bá wá fẹ́ túmọ̀ ìwé náà ńkọ́? "Onídán" jẹ mọ́ eré ojú agbo. Ní 1938, Fagunwa fi àjẹ́ ṣe ìyá Àkàràògùn, àmọ́ oògùn ló wà nínú orúkọ ọmọ. "Olóògùn" ni èmi ìbá lò. Ọmọ náà ní ó dún bí ẹni tó ń ta Panadol ní Mile 12. Ó kúkú rí i sọ.