Ọ̀rá Omi Màmá

Mo sáré wọ yàrá Màmá lọ́jọ́ kan, mo ní mo ti rí ẹ̀yà tuntun. Màmá là ń pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọn ò fẹ́ gbọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu wa. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń mu. Wọn ò tilẹ̀ dìde.

Òkúta ẹfun Ewékorò ni mo ti rí i, òkúta tó ti tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún. Bí a ṣe ń fi ásíìdì jẹ òkúta títí yóò fi ku èèpo nìkan, ará ìdí iṣẹ́ mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Èèpo dinoflagellate ni, ẹ̀dá inú òkun tí ojú lásán ò lè rí. Ó sùn sínú èèpo bí ọmọ inú ẹyin, ó já a, ó bá tirẹ̀ lọ. Ihò tó gbà jáde la kọ́kọ́ ń wá. Títí di 1961 tí William Evitt ṣàlàyé ihò yẹn, tó pè é ní archeopyle, ọ̀pọ̀ èèpo ẹlẹ́gùn-ún wọ̀nyí ò ní ẹbí tí a lè tọ́ka sí.

Ihò tèmi wà ní ẹ̀yìn, níbi tó yẹ. Ẹ̀gún rẹ̀ hù láti oríta ààlà àwọn awẹ́ ara rẹ̀, bíi ti Spiniferites, ìdílé èèpo tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí i ká láàárín, ni mo fi ń ṣe fáàrí. Etí bẹ́líìtì Spiniferites kì í pàdé níwájú ikùn: ti òsì a ga, ti ọ̀tún a wálẹ̀. Nínú tèmi, ọ̀tún ló ga!

Màmá gbé ọ̀rá omi sójú fèrèsé. "Gba inú omi yìí ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀." Mo wò ó. Gbogbo lẹ́tà ti yí òdì.

"Èèpo rẹ dojú bolẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń mu omi wọn lọ.

Èèpo náà mọ́ gaara bí ọ̀rá yẹn. Yí kọ́bù awò tó ń sọ kékeré di ńlá díẹ̀, ojú òkè lo rí. Tún yí i, òkè pòórá, ìsàlẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n inú lo ti ń wò ó, bí ẹni ń wo àǹkárá láti òdì. Ya òkè sórí ìwé kan, ya ìsàlẹ̀ sórí ìwé fẹ́lẹ́ mìíràn, kí o sì dojú ìwé kejì dé kí o tó ka ohunkóhun lára rẹ̀. Ìka kékeré ni Màmá fi ń yí kọ́bù, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tó jìnnà lóru. Bí iná bá lọ, wọn a gbé awò àtijọ́ wọn sí fèrèsé, wọn a fi dígí ìdí rẹ̀ mú oòrùn, iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn orin lábẹ́ ètè.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ń lẹ òkè mọ́ ìsàlẹ̀ di fọ́tò kan tó ń dán. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n òsì àti ọ̀tún ti dàrú nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sọ ẹyọ kan tó ti ya lórúkọ. Òfin ò dá a lẹ́kun, ẹyọ kan náà ni holotype, ẹyọ tí orúkọ ẹ̀yà dúró lé. Màmá kì í sọ èèpo lórúkọ láìjẹ́ pé wọ́n rí ikùn, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí omi inú ọ̀rá tó tán, ẹ̀yà tuntun mi ti di Spiniferites lásán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ bóyá ikùn ló wà lókè tàbí ẹ̀yìn. Èyí tí kò bá ní i, n kì í fèsì.